Mítà méjì, bátìrì kan

Bátìrì ìnfátà oníbàárà wa kan ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mítà tí mo fi ń wọn iná bátìrì kọ 12.64V, ti ẹ̀gbọ́n tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sólà kọ 12.57V.

"Àbúrò, mítà rẹ ń purọ́."

Mi ò fèsì. Mo lọ fa ìwé pélébé yọ nínú páálí mítà, ìwé tí mi ò ṣí rí látìgbà tí mo ti rà á. Níwájú DC 20V, ibi tí mo yí mítà sí, wọ́n kọ bí àṣìṣe rẹ̀ ṣe lè pọ̀ tó: ±(0.5%+2). Mo rò pé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni 2 yẹn, mo bá ro méjèèjì pọ̀: 2.5%. Nínú 12.64, 0.32V nìyẹn. Á jẹ́ pé bátìrì lè wà ní 12.32, ó sì lè wà ní 12.96! Kí lèèyàn fẹ́ fi irú mítà bẹ́ẹ̀ ṣe?

Ọ̀rọ̀ wínníwínní ìsàlẹ̀ ìwé ló là mí lójú. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lójú mítà ni 2 yẹn ń bá wí: ó lè fi 2 lé, ó lè fi 2 dín. Tí mítà bá wà lórí 20V, 0.01V ni nọ́ńbà ìkẹyìn ń kà, 2 sì di 0.02V. Mo tún un ṣe:

12.64 × 0.005 = 0.063
0.063 + 0.02 = 0.083V

Bátìrì wà láàárín 12.56 sí 12.72. Ti ẹ̀gbọ́n, irú mítà kan náà, bọ́ sáàárín 12.49 sí 12.65. Àwọn méjèèjì pàdé lọ́nà.

Mo wá yí tèmi sí 200V. Ó kọ 12.6. Níbẹ̀, nọ́ńbà ìkẹyìn ti di 0.1V, àṣìṣe sì fò dé 0.26V: 12.34 sí 12.86. Bátìrì alásíìdì tó kún, tó sì ti sinmi, máa ń wà ní nǹkan bíi 12.6 sí 12.7, tó bá jẹ́ 12.4, iná inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Lórí 200V, o ò lè dá wọn mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ wa ń fi mítà sí, ká má baà jó o.

Ẹ̀gbọ́n ló rí ìlà tí mo fò: láàárín 18°C sí 28°C nìkan ni ìṣirò yìí dúró, láàárín ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n bá yẹ mítà wò. Tó bá kọjá 28°C, ká fi ìdá kan nínú mẹ́wàá àṣìṣe náà kún un fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Mo ki wáyà tó ń wọn ìgbóná bọ mítà: 34°C. Dígírì mẹ́fà, 0.05V. 0.083 di 0.133.

"Ìgbà wo lo ti ra tìrẹ?"

"Ọdún mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n. Tiyín ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ká wáyà mítà rẹ̀, ó tì í bọ àpò.