Sẹ́ńsọ̀ agbára rédíò tí à ń ki bọ kọ̀ǹpútà: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Tiransímítà FM àti wọkitọkí la ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa n'Íbàdàn. Láyé àtijọ́, mítà tí a fi ń wọn agbára tí rédíò ń tú jáde máa ń gba ìdajì tábìlì. Ní báyìí, sẹ́ńsọ̀ kékeré tó wọ àtẹ́lẹwọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹnu N tàbí SMA (irú ẹnu wáyà rédíò méjì) wà níwájú rẹ̀ tí agbára ń gbà wọlé, wáyà USB wà lẹ́yìn rẹ̀ tó lọ sínú kọ̀ǹpútà. Kò ní ojú tirẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà la ti ń ka nọ́mbà. Ó wúlò púpọ̀, ó sì wọ́n gógó, ìdí nìyí tó fi ń dùn mí bí ẹnìkan bá bà á jẹ́ nítorí ìṣirò tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àwọn ìbéèrè tí àwọn ọmọ iṣẹ́ àti ẹlẹgbẹ́ wa ń bi mí jù nìyí.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Mo ki sẹ́ńsọ̀ bọ kọ̀ǹpútà, iná ara rẹ̀ tàn, ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà ní òun ò rí nǹkan kan. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Má tíì pè é ní bíbàjẹ́. Iná tó tàn yẹn ń sọ fún ọ pé 5 fólìtì ti dé ara rẹ̀ ni, kò sọ pé òun àti kọ̀ǹpútà ti gbọ́ra yé. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí o mọ̀ ni irú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Àwọn ti Mini-Circuits, bíi PWR-8GHS, máa ń fi ara wọn hàn fún kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí HID, ìyẹn ìdílé tí máòsì àti kíbọ́ọ̀dù wà, torí náà Windows kò ní béèrè dráífà lọ́wọ́ rẹ. Àwọn ti Keysight, bíi U2001A, USBTMC, èdè USB ti àwọn ẹ̀rọ ìwọ̀n, ni tiwọn. Àfi kí VISA, sọ́fítíwíà tó ń bá ẹ̀rọ ìwọ̀n sọ̀rọ̀, ti wà lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó lè dáhùn. Bí VISA kò bá sí, sẹ́ńsọ̀ á kàn jókòó bí àlejò tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò gbọ́ èdè rẹ̀. Yọ ọ́, fi VISA sórí kọ̀ǹpútà, pa kọ̀ǹpútà kí o tún un tàn, lẹ́yìn náà ni kí o wá ki sẹ́ńsọ̀ bọ̀ ọ́.

Bí ìyẹn kò bá ràn án, yẹ wáyà wò. Àwọn wáyà ṣájà fóònù kan wà tó jẹ́ pé iná nìkan ni wọ́n ń gbé, kò sí okùn dátà nínú wọn. Mo ti rí ẹni tó fi odindi ọjọ́ kan wá àìsàn kiri lára sẹ́ńsọ̀, nígbà tó jẹ́ wáyà tó yá lọ́wọ́ ẹni tó ń ta fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ń dà á láàmú. Wáyà USB 2.0 kò sì gbọdọ̀ gùn ju mítà 5 lọ. Má ki sẹ́ńsọ̀ bọ ihò kan náà tí hádì dísíìkì àti fáànù kékeré ti ń fa iná, torí 500 mA ni ihò USB 2.0 kan máa ń gbé.

Ẹ̀yin tó ń lo Linux, ẹ tẹ lsusb, àṣẹ tó ń to gbogbo ohun tó wà lórí USB. Bí ẹ bá rí i níbẹ̀ (20ce ni nọ́mbà tó ń fi ti Mini-Circuits hàn), tó sì jẹ́ pé sudo (àṣẹ ọ̀gá kọ̀ǹpútà) nìkan ló lè ṣí i, a jẹ́ pé àyè ni wọn kò tíì fún yín. Ẹ kọ òfin udev kan (òun ló ń sọ fún Linux ẹni tó lè lo ẹ̀rọ) fún nọ́mbà yẹn, ẹ yọ sẹ́ńsọ̀, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́.

Ìbéèrè: Tèmi máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi kó kàn pòórá bí mo bá lọ jẹun tí mo padà dé.

Ìdáhùn: Windows ló ń pa á láti fi iná pamọ́. Lọ sí Device Manager, wá USB Root Hub, ṣí Power Management, kí o yọ àmì kúrò níbi tó ti ní kọ̀ǹpútà lè pa ẹ̀rọ yìí. Bí bátìrì kọ̀ǹpútà lo ń lò nítorí pé NEPA ti mú iná lọ, wo ètò ìfinápamọ́ ti bátìrì náà pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Mi ò so nǹkan kan mọ́ ọn, síbẹ̀ ó ń ka −43 dBm, á tún di −47. Ṣé afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n?

Ìdáhùn: Ariwo inú ara rẹ̀ ni. (dBm ni a fi ń ka agbára, a ó ṣírò rẹ̀ nínú ìdáhùn tó tẹ̀lé e.) Láti −30 dé +20 dBm ni wọ́n ṣe PWR-8GHS láti wọ̀n, ohunkóhun tó bá sì kọ sísàlẹ̀ −30 kì í ṣe ìwọ̀n. Má kọ ọ́ sínú ìwé. Bí o bá fẹ́ wọn ohun tó kéré jù bẹ́ẹ̀, wá èyí tó ń lọ sí −60, bíi U2001A. Ṣùgbọ́n fún ẹnikẹ́ni tó ń wọn agbára kékeré, jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ gbóná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí USB kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn náà kó dá a padà sí òdo. Rí i dájú pé tiransímítà ti kú pátápátá kí o tó tẹ bọ́tìnnì òdo. Bí agbára bá ń wọlé nígbà tí ò ń ṣe é, sẹ́ńsọ̀ á gba agbára yẹn sí òdo, gbogbo ohun tó bá sì kà lẹ́yìn rẹ̀ á pa irọ́ fún ọ.

Ìbéèrè: Wọkitọkí wáàtì 5 ni mo fẹ́ wọ̀n. Ẹnu antẹ́nà rẹ̀ bá ẹnu sẹ́ńsọ̀ mu, ṣé mo lè so wọ́n pọ̀ báyìí?

Ìdáhùn: Rárá o! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró níbí kí a jọ ṣírò rẹ̀.

0 dBm ni mílíwáàtì 1. Bí o bá fi 10 dB kún un, agbára di ìlọ́po mẹ́wàá. Bí o bá fi 3 dB kún un, ó di ìlọ́po méjì. Torí náà +20 dBm jẹ́ mílíwáàtì 100, +30 dBm jẹ́ wáàtì 1, +40 dBm jẹ́ wáàtì 10. Wáàtì 5 jẹ́ ìdajì wáàtì 10, ìyẹn 37 dBm. Sẹ́ńsọ̀ méjèèjì tí mo dárúkọ lókè kò wọn ju +20 dBm lọ. Wáàtì 5 fi ìlọ́po àádọ́ta ju èyí lọ.

Ọmọ iṣẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù wa ṣe é lójú mi kí n tó lè nà án lọ́wọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì wọkitọkí lẹ́ẹ̀kan péré, ó fi í sílẹ̀. Kò sí èéfín, kò sí òórùn, kò tilẹ̀ dún. Nọ́mbà ojú kọ̀ǹpútà kàn fò sókè, ó dúró gbagidi, ó sì wálẹ̀. Nígbà tí a wá fi mílíwáàtì 1 tó dá wa lójú dán an wò, −11 ló kà dípò 0. Dáyóòdù inú rẹ̀, ẹ̀yà tó ń wọn agbára, ti jó. Ọmọ náà sunkún, èmi náà ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ohun tí o nílò ni attenuator, ohun èlò tó ń jẹ nínú agbára kó tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀. Mú 37, yọ 30 dB kúrò, ó ku 7 dBm. Ìyẹn dára, àyè sì wà. Ṣùgbọ́n dB nìkan kọ́ lo máa wò lára attenuator, wo wáàtì rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kékeré tó ní ẹnu SMA, tó rí bí ìka ọwọ́, wáàtì 2 ni púpọ̀ nínú wọn lè gbà. Wáàtì 5 á sun ún, bó bá sì jó, ó lè jẹ́ kí agbára kọjá sórí sẹ́ńsọ̀. Ra èyí tí wọ́n kọ wáàtì 25 sí, tó ní irin ẹlẹ́gbẹẹgbẹ tó ń tú ooru jáde. Bí méjì lo fẹ́ so léra, èyí tó tóbi ni kó kọjú sí tiransímítà, kí kékeré wà nítòsí sẹ́ńsọ̀. Àwọn attenuator ńlá míràn wà tí ẹnu wọn kì í ṣe ọ̀kan náà: ibi tí wọ́n kọ ìwọlé sí ni kí agbára gbà wọlé.

Lẹ́yìn náà, sọ fún sọ́fítíwíà pé 30 dB wà níwájú (offset ni wọ́n máa ń pè é), á sì máa fi kún un fún ọ, kó lè ka 37 dípò 7. Bí o bá ti kọ ọ́ síbẹ̀, má tún fi orí ara rẹ fi 30 kún un. Ẹnìkan ṣe bẹ́ẹ̀, ó wá sáré pè mí pé wọkitọkí òun ń tú wáàtì 5,000 jáde.

Fún FM wáàtì 100, 50 dBm nìyẹn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o jẹ́ kí agbára náà lọ sínú dummy load, ohun tó ń gba agbára dípò antẹ́nà, kí o sì fi directional coupler, ohun tó ń bu díẹ̀ lára agbára tó ń kọjá, bu díẹ̀ fún sẹ́ńsọ̀. Má sì tan tiransímítà láìsí ohun tó gba agbára lẹ́nu rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, wọkitọkí DMR (irú ti dígítà) tí wọ́n kọ wáàtì 4 sí lára, wáàtì 2 péré ni mo rí. Oníbàárà ti ń bínú.

Ìdáhùn: Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, wọkitọkí rẹ̀ kò ṣẹ̀. DMR pín àkókò sí ọ̀nà méjì, mílísẹ́kọ́ńdì 30 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọkitọkí ń sọ̀rọ̀ nínú ọ̀kan, ó sì dákẹ́ nínú èkejì. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìpíndọ́gba da ọ̀rọ̀ àti ìdákẹ́ pọ̀, ó wá rí ìdajì. Ẹ fi 3 dB kún 33 dBm, ẹ ó rí 36, ìyẹn wáàtì 4 gan-an. Fóònù GSM tó ń lo ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́jọ, 9 dB ni tirẹ̀.

Mo sọ pé “sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìpíndọ́gba”, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é dáadáa. Dáyóòdù máa ń ka ìpíndọ́gba bó ṣe yẹ nígbà tí agbára bá wà nísàlẹ̀ nǹkan bíi −20 dBm. Lókè ibẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún CW (ìgbì tí gíga rẹ̀ kì í yí padà) nìkan á máa ṣìnà bí gíga ìgbì bá ń yí padà, bíi ti 4G àti tẹlifíṣọ̀n dígítà. Gíga ìgbì FM kì í yí padà, torí náà ẹ̀yin oníléeṣẹ́ rédíò lè lo ti CW láìfòyà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí 4G gbọ́dọ̀ ra èyí tí wọ́n kọ true RMS (ìpíndọ́gba tòótọ́) sí.

Ìbéèrè: Mo wọn nǹkan kan náà lánàá àti lónìí, èsì wọn kò bára mu.

Ìdáhùn: Bi ara rẹ pé: ṣé mo yan fíríkúẹ́ńsì? Dáyóòdù kì í gbọ́ gbogbo fíríkúẹ́ńsì bákan náà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kọ àtúnṣe ti fíríkúẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, àmọ́ kò mọ èyí tí ò ń wọ̀n àfi bí o bá sọ fún un. Bí o bá ń wọn FM ní 100 MHz, kọ 100 síbẹ̀. Bí o bá gbàgbé ní 100 MHz, àṣìṣe náà lè kéré, ní 5.8 GHz, wàá rí i kedere.

Bí fíríkúẹ́ńsì bá pé, yẹ ẹnu wò. Náàtì nìkan la ń yí. Bí o bá di sẹ́ńsọ̀ mú tí o wá ń yí òun fúnra rẹ̀, abẹ́rẹ́ àárín á máa ha ara wọn, irin wúrà orí rẹ̀ á ṣí. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹnu N ti 75 ohm tó wà lára nǹkan tẹlifíṣọ̀n. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín ju ti 50 ohm lọ. Bí o bá ti abẹ́rẹ́ 50 ohm bọ inú abo 75 ohm, o ti fọ́ ọ nìyẹn.

Ìbéèrè: Mo ń fi Python àti PyVISA (ohun tó so Python mọ́ VISA) darí rẹ̀. *IDN?, àṣẹ tó ń béèrè orúkọ rẹ̀, ń dáhùn, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó dá ara rẹ̀ padà sí òdo, àṣìṣe timeout (pé àkókò ìdúró ti tán) ló ń jáde.

Ìdáhùn: Ìṣẹ́jú-àáyá 2 ni PyVISA máa ń dúró bí o kò bá yí i padà, iṣẹ́ òdo sì ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ timeout = 20000 (ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 20) kí o tó rán CAL:ZERO:AUTO ONCE.

Ìbéèrè: Bí mo bá tan tiransímítà ńlá ni kọ̀ǹpútà ń pàdánù sẹ́ńsọ̀. Bí mo bá pa á, ó padà.

Ìdáhùn: Wáyà USB ti di antẹ́nà nìyẹn, rédíò ń gba ibẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà. Fi ferrite tí à ń há mọ́ wáyà sí ìdí rẹ̀ méjèèjì, lo wáyà kúkúrú, kí o sì gbé kọ̀ǹpútà jìnnà sí tiransímítà. Ti ilẹ̀kùn irin tiransímítà, kí o de gbogbo ìdè rẹ̀. Ìdè mẹ́rin péré ló ti bọ́ lára èyí tó dà mí láàmú jù.