Yíya ìwé prenup kọ́ ni fífagi lé e

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ìgbéyàwó ti pé ọdún mẹ́wàá, àwọn ọmọ ti dé, ìfẹ́ sì ti jinlẹ̀ ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Ojú wá ń ti ọkọ nítorí ìwé prenup, ìyẹn àdéhùn lórí ẹni tó ni ohun ìní wo, tí òun àti ìyàwó fọwọ́ sí kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Lọ́jọ́ àjọyọ̀, ó mú un jáde, ó ya á wẹ́wẹ́ níwájú àwọn òbí àti pásítọ̀. Ìyàwó sunkún ayọ̀, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì gbà pé kò sí àdéhùn kankan láàárín wọn mọ́.

Bó bá jẹ́ Texas ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbé, àdéhùn náà ṣì wà digbí.

Texas ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ torí pé àwa Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, pàápàá ní Houston, òfin wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí sì ṣe kedere. Abala 4.005 nínú òfin ẹbí wọn sọ pé lẹ́yìn ìgbéyàwó, kìkì ìwé tí tọkọtaya kọ, tí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí, ló lè yí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ padà tàbí kó fagi lé e. Inú òfin àwòṣe kan tó jáde ní 1983, èyí tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè wò kọ tirẹ̀, ni wọ́n ti mú un. California àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tó ju ogún lọ náà gba òfin àwòṣe yìí.

Ó yé mi ìdí tí àwọn èèyàn wa fi ń ṣe àṣìṣe yìí. Nílé wa, gbólóhùn kan ba ọ̀rọ̀ jẹ́, gbólóhùn kan tún ọ̀rọ̀ ṣe. Bí àwọn àgbà bá ti jókòó, tí wọ́n ní "ó ti parí", ó ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà ìwé náà wà lọ́dọ̀ lọ́yà ọkọ, òmíràn wà lọ́dọ̀ lọ́yà ìyàwó, ó sì ṣeé ṣe kí òmíràn wà nínú ímeèlì ẹnì kan. Ẹ̀dà kan péré lẹ ya. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé kì í ṣe ọjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ nìkan ni ìwé yìí ń padà wá. Ó lè jẹ́ ọjọ́ ikú. Ọkọ tó ya ìwé ti lọ, àwọn ọmọ tó bí fún ìyàwó àkọ́kọ́ gbé ẹ̀dà tiwọn jáde, opó wá ń bá kóòtù sọ̀rọ̀ nípa àjọyọ̀ kan tó wáyé lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ẹni tí ì bá jẹ́rìí sí ohun tó wà lọ́kàn ara rẹ̀ kò sí mọ́.

Ẹ má sì gbójú lé àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tí ẹnì kan ti kọ pé "mo ti fagi lé e". Ẹnì kan kọ́ ló ṣe àdéhùn, ẹnì kan kò lè dá tú u.

Ìwé ìfagilé kì í gùn. Ó máa ń dárúkọ àwọn méjèèjì, ó máa ń sọ ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àkọ́kọ́, á sì sọ ọ́ gbangba pé wọ́n ti jọ fagi lé e. Ní Texas, kò pọn dandan kí ẹnì kan san ohunkóhun fún ẹnìkejì kí ìwé náà tó múlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí nótárì wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lọ́la pé kì í ṣe òun ló fọwọ́ sí i. Àwọn tó wà ní New York ní láti ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀, ìwé àdéhùn láàárín tọkọtaya gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí òṣìṣẹ́ tí òfin fún láṣẹ, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ìwé ilẹ̀. Ní 1997, nínú ẹjọ́ Matisoff àti Dobi, kóòtù tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà da ìwé tọkọtaya kan nù torí pé kò ní ẹ̀rí yìí, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó sẹ́ nínú àwọn méjèèjì pé òun fọwọ́ sí i.

Àṣìṣe kejì ló ń ná àwọn èèyàn lówó jù: wọ́n rò pé bí àdéhùn bá ti kúrò, gbogbo nǹkan di ti àwọn méjèèjì. Rárá o. Òfin ìpínlẹ̀ ló máa ń wọlé dípò rẹ̀. Ní Texas, ohun tí èèyàn ti ní kó tó ṣègbéyàwó, ogún tí wọ́n jẹ kó jẹ, àti ẹ̀bùn tí wọ́n fún un jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ohun tí wọ́n bá kó jọ nínú ìgbéyàwó, títí kan owó oṣù, ló jẹ́ ti àjọni.

Ẹ jẹ́ ká ní ọkọ ra ilé ní 2012, ó sì ṣègbéyàwó ní 2015. Bí wọ́n bá fagi lé àdéhùn lónìí, tirẹ̀ nìkan ni ilé náà ṣì jẹ́. Bó bá fẹ́ kó di ti àwọn méjèèjì, òfin ń béèrè ìwé mìíràn tí wọ́n jọ fọwọ́ sí, tó dárúkọ ilé náà, tó sì sọ pé wọ́n ti sọ ọ́ di ohun ìní àjọni. Kíkọ orúkọ ìyàwó mọ́ ìwé ilé lásán kò tó. Òfin náà sọ bẹ́ẹ̀ ní tààràtà. Owó tí ọkọ ti pa láti 2015 wá ńkọ́, tí prenup ti ní tirẹ̀ nìkan ni? Ìwé ìfagilé gbọ́dọ̀ sọ bóyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àdéhùn ti di òfo, tàbí láti ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí ìfagilé. Bí ẹ bá dákẹ́ lórí ìyẹn, ẹjọ́ lẹ fi pamọ́ de àwọn ọmọ yín.

Ẹ rántí gbèsè pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ni prenup ń dáàbò bò láìmọ̀, torí pé ọkọ ní òwò tó jẹ báǹkì ní gbèsè. Bí owó bá ti di ti àjọni, tó sì jẹ́ pé àwọn méjèèjì jọ ń ṣàkóso rẹ̀, ẹni tí ọkọ jẹ lè nawọ́ sí i. Ẹ béèrè nípa gbèsè kí ẹ tó gbé kálàmù. Kí oníkálukú kọ ohun tó ní àti ohun tó jẹ sílẹ̀, kó fi han ẹnìkejì.

Lọ́yà kan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì? Mi ò gbà á níyànjú rárá. Ẹni tó máa jèrè àti ẹni tó máa pàdánù kò lè gba ìmọ̀ràn lẹ́nu ẹnì kan náà. Ẹ má sì fọwọ́ sí i nígbà ìjà, tàbí nígbà tí ẹnì kan ń sọ pé "bí o bá nífẹ̀ẹ́ mi, fọwọ́ sí i lálẹ́ yìí". Ìwé tí wọ́n fi ipá gbà ṣeé pè lẹ́jọ́.

Àwọn ìwé mìíràn tún wà tí ìfagilé kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí wíìlì yín bá tẹ̀ lé prenup, ẹ tún un kọ. Ẹ wo owó ìfẹ̀yìntì 401(k), èyí tí òṣìṣẹ́ ń kó jọ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà, àfẹ́sọ́nà kò lè yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ tó máa ní sí i gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tàbí ọkọ. Lẹ́yìn ìgbéyàwó nìkan ló lè ṣe é. Nítorí náà, bí ìyàwó bá ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda níbi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó, fọ́ọ̀mù yẹn dá dúró. Ẹ lọ bá àwọn tó ń bójú tó owó náà, kí ẹ yí i padà lọ́dọ̀ wọn.

Ẹni tó ní ilẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, kó wá lọ́yà ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Òfin ọ̀ràn ìgbéyàwó ti 1970 fún kóòtù ibẹ̀ láṣẹ láti pín ohun ìní tó wà nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ bó bá ṣe rí i pé ó tọ́, àmọ́ ìgbéyàwó abẹ́ òfin ìjọba nìkan ni àṣẹ yìí kàn, kì í ṣe ti ìbílẹ̀. Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ní Houston kò sì yí orúkọ tó wà lórí C of O padà.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, ẹ ṣe ìwé ìfagilé ní ẹ̀dà mẹ́rin, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀: ọ̀kan fún ọkọ, ọ̀kan fún ìyàwó, ọ̀kan fún lọ́yà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ibi tí tiyín wà han ọmọ kan tó ti dàgbà, kó mọ ohun tó máa mú jáde bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé àtijọ́ wá.