Bẹ́ ẹ ṣe lè lọ flaxseed àtàwọn kóró wẹ́wẹ́ míì nílé tí ò ní di ẹrẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tá a fẹ́ ṣe gan-an, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Kóró flaxseed kéré, ó ń dán, ó ń yọ̀, èèpo ẹ̀ sì le ju bó ṣe rí lójú lọ, téèyàn bá kàn bù ú sẹ́nu tó gbé e mì, odidi ló máa wọlé, odidi náà ni púpọ̀ nínú ẹ̀ máa bá jáde, omega-3, ìyẹn ọ̀rá tó ń ṣara lóore tí wọ́n tìtorí ẹ̀ rà á, ò ní ṣe ara láǹfààní tó yẹ. Torí náà ohun tá à ń wá ò ju ká fọ́ èèpo yẹn lọ. Ká fọ́ ọ ni mo sọ o, mi ò ní ká sọ ọ́ di páúdà ìpara. Àwọn tó ń lé kó kúnná ṣáá yẹn gan-an lẹ máa rí tí wọ́n á tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ títí tó fi máa gbóná, wọ́n á wá ṣí i, ẹrẹ̀ ni wọ́n á bá níbẹ̀, á ti lẹ̀ mọ́ abẹ pinpin.

Ohun tó ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀ ò jìnnà. Nínú 100 gíráàmù flaxseed, nǹkan bí 42 ló jẹ́ ọ̀rá. Ti yànmọ̀tí tún jù bẹ́ẹ̀, ó ń lọ sí bí 50. Bí abẹ ṣe ń gé kóró ni òróró yẹn ń tú jáde, bí ẹ̀rọ bá sì ṣe ń gbóná sí i ló ń ṣàn sí i, ìyẹ̀fun tó ti wà nílẹ̀ á wá mu ún, á dì gbagidi. Ẹni tó bá fẹ́ fi yànmọ̀tí ṣe bọ́tà, ohun tó ń wá nìyẹn, kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ èyí tó gbẹ lẹ ń fẹ́, ooru ni kẹ́ ẹ sá fún.

Ẹ̀rọ tó dáa jù fún iṣẹ́ yìí ni gíráńdà kékeré tí wọ́n fi ń lọ kọfí tàbí èlò ọbẹ̀, èyí tó ní abẹ tó ń yí nísàlẹ̀. Inú ẹ̀ há, nǹkan tá a sì ń fẹ́ nìyẹn, torí kóró tó bá fò sókè ibi abẹ náà ló máa já bọ́ sí. Irú gíráńdà kejì wà tó máa ń fi irin eléyín méjì rún kọfí, ẹ má da flaxseed sínú ìyẹn rárá, òróró ẹ̀ á dí gbogbo eyín yẹn pa, ẹ sì máa fi ọjọ́ gbogbo yọ ọ́. Bílẹ́ńdà ńlá náà ń ṣe é, àmọ́ kì í ṣe fún ṣíbí méjì, torí inú ẹ̀ fẹ̀ jù, kóró á kàn fọ́n ká sára ògiri ẹ̀, abẹ á máa yí lásán. Tó bá jẹ́ bílẹ́ńdà lẹ ní, ẹ da tó ife kan sí i lẹ́ẹ̀kan, tàbí kẹ́ ẹ lo ife kékeré tí wọ́n máa ń kó mọ́ ọn tó bá wà. Àwọn kan tún máa ń da odidi kóró sínú èso àti omi tí wọ́n fẹ́ lọ̀ mu, wọ́n á ní ṣebí abẹ á fọ́ ọ. Kò ní fọ́ ọ tán. Inú omi yẹn ńṣe ni kóró tó ń yọ̀ á máa wẹ̀ kiri tá á máa yẹ abẹ sílẹ̀, ẹ fara balẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ife tẹ́ ẹ bá mu tán, ẹ máa rí wọn níbẹ̀ ní odidi. Ẹ lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ kẹ́ ẹ tó dà á sí i.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ́ kóró yẹn sórí tíréè funfun, kẹ́ ẹ ṣa òkúta àti ìdọ̀tí kúrò, òkúta kékeré kan ṣoṣo lè bu abẹ jẹ. Àmọ́ ẹ má fọ flaxseed o. Tómi bá ti kàn án, èèpo ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, á máa fà, á dì mọ́ra, bẹ́ ẹ tún sá a sóòrùn kò ní padà sí bó ṣe wà. Chia, kóró wẹ́wẹ́ míì táwọn èèyàn ń jẹ bíi flaxseed, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Tí flaxseed yín bá ti fa ọ̀rinrin díẹ̀ látinú ilé, ẹ dà á sínú páànù gbígbẹ lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kẹ́ ẹ máa rò ó, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó tutù pátápátá, torí téèyàn bá lọ̀ ọ́ ní gbígbóná, ẹrẹ̀ tá a sọ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn.

Ẹni tí ẹ̀rọ ẹ̀ tètè máa ń gbóná lè kọ́kọ́ gbé kóró sínú fírísà fún bí ìṣẹ́jú 30, nínú ọ̀rá tó dé lẹ́nu dáadáa. Kóró tó tutù máa ń ṣẹ́ wẹ́ẹ́wẹ́ dípò kó tẹ̀, òróró ẹ̀ náà ò sì ní tètè ṣàn. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ báyìí kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ kíá, ẹ má fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ gba fóònù, torí ìrì á sẹ̀ sí i lára.

Ó yá, ẹ dà á sínú gíráńdà. Kó bo abẹ dáadáa, kó má sì kọjá ìdajì. Tó bá pọ̀ jù, tìsàlẹ̀ á ti di ẹrẹ̀ kí tòkè tó fọ́, tó bá sì kéré jù, ńṣe ni wọ́n á kàn máa fò kiri. Ẹ dé e, ẹ di ìdérí ẹ̀ mú, ẹ tẹ̀ ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 3 sí 5, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gbé e, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ rọra gbá a nídìí kí èyí tó ti sá sókè lè padà wálẹ̀, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó yẹ kó ti tó. Gbogbo àṣírí ẹ̀ ò jù báyìí lọ, tẹ̀ ẹ́, fi í sílẹ̀, gbọ̀n ọ́n. Bẹ́ ẹ ṣe ń fi í sílẹ̀ yẹn ló ń tutù, ẹ̀rọ kékeré yẹn náà ò sì lágbára pé kó máa ṣiṣẹ́ lọ láìsinmi.

Ẹ máa fetí sí i pẹ̀lú. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, á máa dún gbàràgbàrà, kóró ló ń gbá ara ògiri yẹn, bó bá ṣe ń fọ́ ohùn yẹn á máa rọlẹ̀. Tó bá wá yí padà lójijì tó ń dún bíi pé abẹ ò rí nǹkan kan gé mọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ nìyẹn, ẹ dúró, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì, ẹ fi ìdí ṣíbí onígi ha á wálẹ̀. Ẹ má fìka ṣe é o, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ kí eruku ẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí i. Ẹ bu ìwọ̀n bín-ín-tín sórí abọ́ funfun, ẹ tẹ́ ẹ fẹ̀. Flaxseed aláwọ̀ búráùn rọrùn láti yẹ̀ wò, torí inú ẹ̀ mọ́lẹ̀ ju èèpo lọ, tó bá ti fọ́ ẹ máa rí búráùn àti funfun pọ̀ mọ́ra, èyí tí ò tíì fọ́ á ṣì máa dán. Ti aláwọ̀ góòlù ò hàn bẹ́ẹ̀, ẹ fìka rin ín, kóró odidi máa yọ̀ lábẹ́ ìka. Tẹ́ ẹ bá rí odidi bíi mélòó kan nínú ṣíbí kan, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, kò tó nǹkan téèyàn ń torí ẹ̀ tún ẹ̀rọ tẹ̀. Ẹ má sì sẹ́ ẹ, jàre. Òróró ẹ̀ á dí ojú asẹ́, èèpo tẹ́ ẹ sì fẹ́ sẹ́ dà nù yẹn, inú ẹ̀ ni fáíbà pọ̀ sí. Ẹ tún mọ̀ pé ó máa ń wú: ìdá méjì nínú mẹ́ta ife odidi kóró máa fún yín ní nǹkan bí ife kan tá a ti lọ̀.

Ẹni tí ò ní ẹ̀rọ lè lo odó kékeré olókùúta, tí inú ẹ̀ rí hágahàga, èyí tó ń dán ò dáa. Ẹ má gún un, torí ńṣe lá máa ta síta sójú yín. Ẹ bu ṣíbí kan péré sí i, ẹ fi ọmọ odó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ máa yí i, tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ń yọ̀ ṣáá ẹ wọ́n iyọ̀ oníhóró díẹ̀ sí i tàbí ṣúgà, tẹ́ ẹ bá ṣáà ti mọ̀ pé oúnjẹ tẹ́ ẹ fẹ́ fi sí gba èyíkéyìí nínú ẹ̀, hóró iyọ̀ yẹn lá máa di kóró mú. Ọlọ náà ń ṣe é, ní gbígbẹ. Èyí tí wọ́n ń dà sínú ọ̀rá tí wọ́n ń yí ìgò lé lórí yẹn, apá á kàn máa ro yín ni, púpọ̀ ò ní fọ́.

Kóró míì ní tiẹ̀. Yànmọ̀tí, ẹ lè fọ ìyẹn, kẹ́ ẹ sá a gbẹ, kẹ́ ẹ yan án lórí iná kékeré títí tá á fi máa ta sán-ín-sán-ín, kó tutù, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà kúkúrú ju ti flaxseed lọ pàápàá, torí òróró ẹ̀ ò pẹ́ yọ. Chia ò fi dandan béèrè lílọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń rẹ ẹ́ ni. Mọ́sítádì ní tiẹ̀, tó bá wà ní gbígbẹ kì í ta, ìgbà tẹ́ ẹ bá lọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ wá po ó mómi ló tó ń ta, omi tútù ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10 kẹ́ ẹ tó fi fínígà sí i, omi gbígbóná máa pa títa yẹn. Kúmínì àti koriáńdà, kóró èlò ọbẹ̀ ni wọ́n, rọrùn, òróró wọn ò pọ̀, ẹ yan wọ́n díẹ̀, ẹ lọ̀ wọ́n, ó tán.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ló wá kù, kò sì kéré. Òróró flaxseed ni wọ́n ń pè ní linseed tí wọ́n fi ń po ọ̀dà tí àwọn ayàwòrán ń lò, ìdí tó sì fi dáa fún ọ̀dà ni pé ó tètè máa ń bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ dà pọ̀, á sì gbẹ. Ohun kan náà yẹn ló ń bà á jẹ́ nínú ike yín. Bí kóró bá ṣì wà ní odidi èèpo ń dáàbò bò ó, ẹ lè tọ́jú ẹ̀ síbi tó gbẹ tó sì tutù fún oṣù púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti lọ̀ ọ́ báyìí, inú ike tó dé pinpin, nínú fíríìjì, tí iná ò ní máa tàn sí, kẹ́ ẹ sì gbìyànjú láti jẹ ẹ́ tán láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, tó bá jù bẹ́ẹ̀ kó wọ fírísà. Èmi ò rí ìdí tí èèyàn fi máa lọ ti oṣù kan kalẹ̀ nígbà tí ìlọ ẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Imú lẹ máa fi mọ èyí tó ti bàjẹ́: tó bá ń rùn bí ọ̀dà tàbí tó korò lẹ́nu, ẹ dà á nù.

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ṣíbí tíì kan lójúmọ́ ti tó, kẹ́ ẹ sì mu omi tó pọ̀ sí i, torí bó ṣe ń fa omi nínú ife náà ló ń fà á nínú ikùn. Ẹ má lò ó pẹ̀lú oògùn pa pọ̀, ó lè má jẹ́ kí ara tètè gba oògùn náà, kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà tó bá jẹ́ oògùn ojoojúmọ́ ni. Ẹni tí kì í jẹ ẹyin lè po ṣíbí ìjẹun kan mọ́ omi ṣíbí mẹ́ta, kó fi sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 5 sí 10 kó fi ki, ó ń ṣiṣẹ́ ẹyin kan nínú kéèkì, àmọ́ kì í jẹ́ kó wú tó ti ẹyin gan-an.

Ẹ fọ ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, torí òróró tó bá kù sí abẹ ló máa ba tọ̀la jẹ́. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá gbogbo kọ̀rọ̀ ẹ̀. Tó bá ṣì ń lẹ̀, ẹ tún fi pílọ́ọ̀gì ẹ̀ sí iná, ẹ lọ ṣíbí ìrẹsì gbígbẹ kan nínú ẹ̀, ìrẹsì yẹn á fa òróró, ẹ dà á nù, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ tútù nu ún. Ẹ má rì í sómi, iná wà nídìí ẹ̀.