Ìtìsẹ̀ alùpùpù tuntun kò fún mi ní wàhálà, bíréèkì ẹ̀yìn ló fún mi: ìrírí mi

Igo ọ́ìlì bíréèkì mẹ́ta, mílílítà 250 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni mo lò tán nígbà tí mo ń pààrọ̀ ìtìsẹ̀ alùpùpù mi (ibi tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé, pẹ̀lú pẹ́dà jíà àti ti bíréèkì), iṣẹ́ tí kò yẹ kó gbà ju ìdajì igo kan lọ. Wáṣà bàbà mẹ́fà bá a lọ. Ohun tó sì fa gbogbo rẹ̀ ni gígùn ọ̀pá kékeré tó ń ti písítìn nínú másítà bíréèkì, ìyẹn ohun tó ń ti ọ́ìlì lọ sí bíréèkì tí a bá tẹ pẹ́dà. Ìwé tó wà nínú páálí ìtìsẹ̀ náà kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀pá yìí. Àwòrán bóòtù nìkan ló kún inú rẹ̀. Ìyẹn ló ń bí mi nínú títí di ìsinsìnyí, nítorí ẹni tó bá tẹ̀ lé ìwé yẹn láìfi kún un, bíréèkì tó lè di táyà mú lójú ọ̀nà ló máa gùn jáde.

Ti apá òsì, níbi tí jíà wà, kò gba àlàyé. Ẹ tú ti àtijọ́, ẹ de tuntun. Ẹ kàn rí i pé ẹ nu tírẹ́dì bóòtù mọ́ kí ẹ tó kán Loctite 243 (gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí bóòtù tú) sí i, ẹ̀kán kan péré, nítorí bóòtù ìtìsẹ̀ máa ń gbọ̀n tú ju ọ̀pọ̀ bóòtù mìíràn lọ. Ẹ má jẹ́ kó kan ike o, ó máa ń mú kí ike sán.

Apá ọ̀tún ni iṣẹ́ wà. Àwo ìtìsẹ̀ tuntun gbé másítà sókè, ó sì tún gbé e sẹ́yìn díẹ̀, họ́ọ̀sì wá kọjú sí ẹ̀sọ́ọ̀sì. Kí n lè yí orí họ́ọ̀sì náà padà, mo tú bóòtù oníhò tó dì í mọ́ másítà, èyí tí ọ́ìlì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ká ní mo mọ̀ ni, màá kọ́kọ́ gbìyànjú láti yí másítà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú họ́ọ̀sì lórí rẹ̀. Tí ẹ kò bá tú bóòtù yẹn, afẹ́fẹ́ kò ní wọlé, ẹ kò sì ní bílíìdì ohunkóhun, ìyẹn ni lílé afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú ọ́ìlì. Tí ẹ bá tú u, wáṣà bàbà tuntun méjì ló gbọ́dọ̀ wọlé, ọ̀kan lókè orí họ́ọ̀sì, ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀. Wáṣà tí a ti fún pa rí ti le, ó lè máa jò.

Mo bílíìdì bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe é. Rọ́bà tínrín lẹ́nu nípù (bóòtù kékeré tí ọ́ìlì ń gbà jáde) lára kálípà, ohun tó ń fún dísìkì mọ́ra, ìdí rọ́bà náà nínú ike tí ọ́ìlì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tẹ pẹ́dà, fi sípánà 8 ṣí nípù, dì í, lẹ́yìn náà ni kí o tó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ọ́ìlì bíréèkì irú DOT 4 ni mo lò, torí òun ni wọ́n kọ sórí ìdérí ike ọ́ìlì tó ń bọ́ másítà. Igo kan tán, pẹ́dà ṣì rọ̀ bíi kànrìnkàn.

Mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan wáṣà. Mo tú u, mo fi méjì tuntun sí i, mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò yàtọ̀. Mo wá fi síríńjì fa ọ́ìlì láti ẹnu nípù, hóró afẹ́fẹ́ sì ń jáde láìdáwọ́ dúró. Ibí yìí ni mo ti pàdánù àkókò jù. Afẹ́fẹ́ yẹn kò ti inú bíréèkì wá. Tí nípù bá ṣí, tírẹ́dì rẹ̀ kì í dí mọ́, síríńjì á sì máa fa afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Mo fi gíríìsì yí ìdí nípù náà ká, hóró afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè fa ọ́ìlì tán nínú gbogbo igo tó ní.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣàkíyèsí kálípà. Abẹ́ irin tó gbé táyà ẹ̀yìn ló so rọ̀ sí lára alùpùpù yìí, nípù rẹ̀ kò sì sí níbi tó ga jù. Afẹ́fẹ́ kì í sọ̀ kalẹ̀, òkè ló máa ń lọ. Mo tú kálípà kúrò, mo ki pákó pẹlẹbẹ tó nípọn tó dísìkì sáàárín páàdì méjèèjì kí písítìn má baà fò jáde, mo sì gbé e dúró kí nípù rẹ̀ wà lókè pátápátá. Afẹ́fẹ́ ńlá kan jáde. Inú mi dùn gan-an. Mo dá kálípà padà, mo tẹ pẹ́dà léraléra, ó gbéra sókè, ó le. Mo wá fọwọ́ yí táyà. Kò yí.

Mo ṣí nípù ní ìdajì yíyí, ọ́ìlì fọ́n jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ pẹ́dà, táyà sì tú sílẹ̀. Èyí ló là mí lójú. Agbára wà nínú họ́ọ̀sì tí kò rí ọ̀nà padà sínú ike ọ́ìlì tó ń bọ́ másítà.

Nínú másítà, ihò kékeré kan wà, tó tínrín bí abẹ́rẹ́, níwájú rọ́bà písítìn. Tí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí pẹ́dà, ihò yìí gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì tó gbóná tó sì wú ń gbà padà, ibẹ̀ náà ni hóró afẹ́fẹ́ tó wà nínú másítà ń gbà gòkè. Pẹ́dà tuntun ní bóòtù ìdádúró tirẹ̀. Bóòtù yẹn ń dá pẹ́dà dúró kí písítìn tó padà dé ìdí, torí gígùn àtijọ́ ni mo fi ọ̀pá náà sí. Rọ́bà bo ihò náà pa. Mo ṣí ìdérí ike ọ́ìlì, mo tẹ pẹ́dà díẹ̀. Ọ́ìlì kò mira rárá. Bí ihò bá ṣí, ó yẹ kí ọ́ìlì ta sókè díẹ̀ nínú ike náà ní kété tí ẹ bá fọwọ́ kan pẹ́dà.

Mo tú nọ́ọ̀tì tó ti ọ̀pá náà pa, mo dín gígùn rẹ̀ kù ní yíyí méjì àtààbọ̀, títí ó fi ń mì ní nǹkan bíi mílímítà 1 kó tó kan písítìn. Mo wò ó pé tírẹ́dì tó pọ̀ tó ṣì wà nínú ẹnu ọ̀pá, mo dì í padà. Mo tẹ pẹ́dà díẹ̀, ọ́ìlì ta sókè. Mo ń tẹ̀ ẹ́ ní kúkúrú, mo ń fi ìdí sípánà gbá họ́ọ̀sì jẹ́jẹ́, hóró afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ sì ń gòkè fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá. Ọ́ìlì díẹ̀ sí i lẹ́nu nípù, pẹ́dà le bí òkúta, táyà sì ń yí fàlàlà. Bíréèkì yìí dára ju bó ṣe wà kí n tó fọwọ́ kàn án lọ, mo sì lè sọ ìdí rẹ̀.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ wọn ọ̀pá yẹn láti àárín ihò píìnì dé ìdí másítà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni ìwọ̀n yẹn o. Mímì mílímítà 1 yẹn ni òdiwọ̀n gidi.

Ó ku iná bíréèkì. Pẹ́dà tuntun kò ní ihò tí sípíríǹgì súwíìṣì àtijọ́ ń há sí, nítorí náà mo lo súwíìṣì tó ń gba ipò bóòtù oníhò, tí agbára ọ́ìlì ń tàn. Ẹ rí i pé tírẹ́dì rẹ̀ bá ti másítà yín mu: 10 x 1.0 àti 10 x 1.25 (fífẹ̀ bóòtù àti àyè àárín tírẹ́dì, ní mílímítà) jọra lójú, ṣùgbọ́n èyí tí kò bá mu á wọlé yíyí méjì, á sì ba tírẹ́dì másítà jẹ́. Ẹ fi omi púpọ̀ ṣan ibi tí DOT 4 bá kán sí kíákíá, ó máa ń bó ọ̀dà. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, láìtẹ bíréèkì ẹ̀yìn fún ìgbà díẹ̀, ẹ kán omi sórí dísìkì. Tó bá hó ṣàà, ẹ padà sórí ọ̀pá náà.