Bí A Ṣe Ń Wo Òṣùpá Júpítà àti Òrùka Sátọ̀n Láti Àgbàlá Ilé

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn ti awò awọ̀nàjíjìn wọn bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n á ní ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 525. Irọ́ ni. Ẹ wo ara awò náà, ẹ ó rí nǹkan bíi D=60, F=700. D yẹn ni ìbú lẹ́ńsì iwájú ní mìlímítà; F ni bí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé ṣe jìnnà sí lẹ́ńsì náà tó, ní mìlímítà. Ẹ sọ D di ìlọ́po méjì, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ pin sí. Awò oní-60 kò lè gbé ju ìlọ́po 120 lọ. Tẹ́ ẹ bá fipá mú un kọjá ibẹ̀, ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò á tóbi lóòótọ́, àmọ́ á ṣú, á sì rí bàìbàì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìlọ́po tẹ́ ẹ̀ ń lò, ẹ fi nọ́ńbà lẹ́ńsì kékeré tẹ́ ẹ̀ ń gbójú sí pín F. 700 tá a fi 25 pín, ìlọ́po 28 ni; tá a bá fi 10 pín in, 70 ni. Oní-25 ni kẹ́ ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo, torí ó ń fi ojú ọ̀run tó fẹ̀ hàn. Ẹni tó bá ti oní-4 bẹ̀rẹ̀ á wá Júpítà títí, kò ní rí i.

Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ ti to awò kékeré ẹ̀gbẹ́, èyí tá a fi ń wá nǹkan. Ẹ dojú awò ńlá kọ ṣóńṣó òpó nẹ́tíwọ̀kì tó jìnnà, kẹ́ ẹ wá yí ìdè awò kékeré títí ṣóńṣó kan náà á fi bọ́ sí àárín rẹ̀. Ẹ má ṣe dojú awò kọ apá ibi tí oòrùn wà rárá. Ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó láti fọ́ èèyàn lójú.

Ìràwọ̀ máa ń ṣẹ́jú, pílánẹ́ẹ̀tì kì í sábà ṣẹ́jú. Àgùàlà, ajá òṣùpá, ló mọ́lẹ̀ ju Júpítà lọ, ṣùgbọ́n Àgùàlà kì í jìnnà sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ funfun ńlá tí kò ṣẹ́jú, tó wà lókè téńté láàárín òru, Júpítà ni. Oṣù kejì ọdún 2027 ni yóò tún mọ́lẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ọyẹ́ lè fi eruku bo ojú ọ̀run nígbà yẹn, ẹ dúró de alẹ́ tó bá mọ́.

Awò olójú méjì irú 10x50 (ìlọ́po 10, lẹ́ńsì tó fẹ̀ ní mìlímítà 50) pàápàá ń fi òṣùpá Júpítà hàn, bí ọwọ́ kò bá gbọ̀n. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kẹ́ ẹ gbé ìgúnpá lé nǹkan. Ẹ ó rí ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ tó tò sórí ìlà kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: àwọn òṣùpá rẹ̀ mẹ́rin tó tóbi jù nìyẹn. Io ń yí i po ní nǹkan bíi wákàtí 42, Europa ní ọjọ́ mẹ́ta àtààbọ̀, Ganymede ní ọjọ́ méje, Callisto ní nǹkan bí ọjọ́ 17. Ẹ fi bírò ya róbótó kan sínú ìwé, kẹ́ ẹ tọ́ ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ibi tẹ́ ẹ ti rí i, kẹ́ ẹ kọ aago sí i. Ẹ padà síbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta: Io á ti kúrò níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Bó bá jẹ́ mẹ́ta lẹ rí dípò mẹ́rin, awò yín ò bà jẹ́. Ọ̀kan wà lẹ́yìn Júpítà, tàbí níwájú rẹ̀, tàbí nínú òjìji rẹ̀. Mẹ́ta péré ni Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, náà rí ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 1610. Bí àwòrán yín bá sì yàtọ̀ sí ti Stellarium, áàpù tó ń fi ojú ọ̀run hàn lórí fóònù, ẹ rántí pé dígí kékeré tó wà nídìí awò máa ń gbé ọ̀tún sí òsì.

Sátọ̀n ló nílò awò awọ̀nàjíjìn. Ní ìlọ́po 28, ẹ ó rí i bí ẹyin kékeré tó ní etí. Ní ìlọ́po 70, òrùka á yàtọ̀ sí ara pílánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má retí kó fẹ̀ bíi ti inú ìwé nísinsìnyí o. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, etí òrùka ló kọ sí wa, ó sì pòórá lójú awò kékeré, torí bó ṣe fẹ̀ tó 280,000 kìlómítà yẹn, nínípọn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi kò ju nǹkan bíi mítà 10 lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀, títí di nǹkan bí ọdún 2032. Oṣù kẹwàá ọdún 2026 dára láti wò ó, bí òjò bá gbà.

Bí Sátọ̀n bá ń gbọ̀n bí ohun tó wà nísàlẹ̀ omi, ooru ló fà á. Ẹ má wò ó gba orí òrùlé páànù tí oòrùn ti yan lọ́sàn-án. Ẹ dúró kó gòkè dáadáa. Bí lẹ́ńsì bá wá láti yàrá tí éè-síì ti ń ṣiṣẹ́, omi á bò ó níta. Ẹ má fi aṣọ nù ún, torí eruku tó wà lára rẹ̀ á ha á. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí.

Ìmọ́lẹ̀ kékeré kan lè wà nítòsí Sátọ̀n. Titan, òṣùpá Sátọ̀n tó tóbi jù, lè jẹ́, ó sì lè jẹ́ ìràwọ̀ lásán. Ẹ máa ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé lálaalẹ́: Titan á máa bá Sátọ̀n lọ, á sì padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 16, ṣùgbọ́n Sátọ̀n á fi ìràwọ̀ sẹ́yìn.