Ebè Ewédú Lẹ́yìn Àjíǹde

Láti Ọjọ́rú Eérú títí dé Àjíǹde, ara àlùfáà Áńgílíkà kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Lọ́dún 2025, ọjọ́ 5 oṣù Kẹta la fi eérú sàmì sí iwájú orí àwọn èèyàn, ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin sì ni Àjíǹde bọ́ sí. Àárín méjèèjì ni ààwẹ̀, ẹ̀kọ́ Bíbélì, Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ìwẹsẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, wákàtí mẹ́ta ọ̀rọ̀ méje orí àgbélébùú lọ́jọ́ Jímọ̀, ìṣọ́ òru, ká tó tún bọ́ sí ìsìn òwúrọ̀ Àjíǹde. Lọ́jọ́ Ajé, a kó àwọn ọmọdé lọ sí Gálílì, ìyẹn ìgbafẹ́ ọjọ́ kejì Àjíǹde. Ohùn mi ti há kí bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà sí Ìbàdàn.

Lẹ́yìn èyí la máa ń gba ìsinmi. Ṣùgbọ́n ta ló lè sùn nílé àlùfáà? Ẹni tó fẹ́ sọmọ lórúkọ á kanlẹ̀kùn, ẹni tó fẹ́ dá ọjọ́ ìgbéyàwó á pè, ẹni tó kàn ní òun fẹ́ kí wa náà á jókòó dọ̀sán. Ni mo bá fi fóònù sílẹ̀ fún ìyá àwọn ọmọ mi, mo mú ọkọ́, mo gba ẹ̀yìnkùnlé lọ. Ẹni tó bá bá àlùfáà lórí ìjókòó ló ń ráyè ro ẹjọ́. Ẹni tó bá bá a nídìí ọkọ́ á ní ẹ kú iṣẹ́, á sì máa lọ.

Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ti dẹ̀. Mo ṣán koríko, mo kọ ebè kan tí kò fẹ̀ jù, tí ọwọ́ mi á lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láì tẹ orí rẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa ni mo pò mọ́ ọn. Tútù rẹ̀ máa ń jó irúgbìn.

Hóró ewédú le lẹ́yìn. Bí èèyàn bá kàn fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló máa hù, ìyókù á sùn sínú ilẹ̀. Mo dì í sínú àkísà funfun, mo so ó bí ìyá àgbà ṣe ń so owó sétí ìró. Nígbà tí omi hó, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo ri dìdì náà bọ inú rẹ̀, mo ka ení dé àrún, mo yọ ọ́, ó di inú omi tútù. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti sè nìyẹn. Ẹni tó ń ṣọ́ hóró ewédú nínú omi gbígbóná kò lè máa ro ìṣirò owó ìjọ. Mo sá a síbòójì, ó gbẹ, mo pò ó mọ́ iyanrìn kí ó má baà wọ́ jọ sójú kan, mo fọ́n ọn.

Imọ̀ ọ̀pẹ tó ṣẹ́kù ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni mo fi bo ebè. A ti ya èyí tí a óò sun di eérú lọ́dún tó ń bọ̀ sọ́tọ̀. Ìyókù ì bá kàn máa gbẹ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó ń dí oòrùn, adìẹ ò sì ráyè tan ilẹ̀ náà.

Ibẹ̀ ni Bàbá Ìjọ bá mi.

“Àlùfáà, wọ́n ní ẹ ń sinmi!”

“Ẹ̀yin náà ẹ rí i, Bàbá. Mo ń sinmi ni.”

Wọ́n wo ebè, wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n bọ́ agbádá sórí àga, wọ́n ní ewédú tí àwọn mọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń bomi rin ín. A jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, a sọ̀rọ̀ ilá, a sọ̀rọ̀ ata. Wọn ò dárúkọ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tó ń jò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ohun tó gbé wọn wá nìyẹn.

Nígbà tí ewédú yọrí, mo kó imọ̀ kúrò nírọ̀lẹ́ kí oòrùn má baà jó o lójijì. Mo fa èyí tó fún ara wọn jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, a óò gé e lókè, a óò fi ìdí sílẹ̀ kó tún rúwé. Ìyá àwọn ọmọ mi ti ń wá ìjábẹ̀, Bàbá Ìjọ sì ti ní kí n ya tàwọn sọ́tọ̀.