Ìlú mẹ́fà lọ́jọ́ mẹ́wàá, àti àwọn àṣìṣe mìíràn tí tọkọtaya ń ṣe létí Òkun Mẹditeréníà

Nígbà àkọ́kọ́ tí èmi àti Bàbá Ìbejì lọ sí etí Òkun Mẹditeréníà, ìlú mẹ́fà la kọ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá: Barcelona ní Sípéènì, Marseille àti Nice ní Faransé, Genoa, Cinque Terre àti Naples ní Ítálì. A fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi ní London, a gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, a sì pinnu pé owó tá a ná kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ohun tí mo rántí jù nínú ìrìn àjò yẹn ni ẹ̀yìn ọkọ mi. Ó ń fa àpótí lọ níwájú, èmi náà ń fa tèmi tẹ̀lé e, táyà àpótí ń ké lórí òkúta títì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹjọ, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ láti Genoa títí dé La Spezia.

A ti padà lọ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìgbà yẹn, ojú wa sì ti là díẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ń múra àtilọ máa ń pè mí pé, "Ìyá Ìbejì, kí la máa wò níbẹ̀?" N kì í dáhùn ìyẹn mọ́. Ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe ni mo máa ń sọ fún wọn, torí ohun tí wọ́n máa wò kò ní sá lọ.

Ẹ má to ìlú jọ bí ìlẹ̀kẹ̀

Lórí máàpù, gbogbo ìlú yẹn tò sétí òkun, èèyàn á rò pé téèyàn bá ti fò kúrò ní ọ̀kan, yóò bọ́ sí èkejì. Irọ́ ni. Láti Marseille sí Nice nìkan, ọkọ̀ ojú irin máa ń lò ju wákàtí méjì ààbọ̀ lọ. Láti Nice sí Genoa, ó lé ní wákàtí mẹ́ta, ẹ sì sábà máa sọ̀ kalẹ̀ ní Ventimiglia, lẹ́nu ibodè, kẹ́ ẹ tó wọ òmíràn. N kò tíì dárúkọ Naples o. Ṣùgbọ́n wákàtí inú ọkọ̀ gan-an kọ́ ló ń pa èèyàn. Ilé tí ẹ sùn yóò ní kẹ́ ẹ jáde ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Èyí tí ẹ ń lọ kò ní ṣílẹ̀kùn fún yín títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Láàárín wákàtí márùn-ún yẹn, ẹ ti di alárìnkiri tòun ti àpótí méjì nínú oòrùn. Ẹ ò lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ò lè wọ òkun, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ẹrù kí ẹnì kejì tó lè lọ tọ̀. Tẹ́ ẹ bá yí ìlú padà lẹ́ẹ̀márùn-ún, ẹ ṣírò ọjọ́ tó kù fún yín nínú mẹ́wàá.

Báyìí, ibì kan la máa ń tẹ̀dó sí. Nice dára fún un, torí ọkọ̀ ojú irin tó ń gba etí òkun kọjá máa gbé yín lọ sí Antibes àti Cannes lápá ìwọ̀ oòrùn, á sì gbé yín lọ sí Villefranche-sur-Mer, Monaco àti Menton lápá ìlà oòrùn. Láti Nice dé Monaco kò tó ìdajì wákàtí. Ẹ jẹun àárọ̀ nílé, ẹ fọwọ́ lásán jáde, ẹ padà wá sùn lórí ibùsùn kan náà. Tó bá jẹ́ abúlé márùn-ún Cinque Terre lẹ fẹ́, ẹ gba ilé sí La Spezia tàbí Levanto. Láàárín ìlú méjèèjì ni ọkọ̀ tó so gbogbo abúlé náà pọ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀. Ilé inú abúlé wọ̀nyẹn lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ni ọ̀pọ̀ òpópónà wọn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì máa ru àpótí gùn ún.

Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ ìwé

Màá pẹ́ díẹ̀ níbí, torí ọ̀rọ̀ àwa tó ń gbé páásípọ̀ọ̀tù aláwọ̀ ewé ni. Ìwé ìgbélùú tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún yín kò ṣí ilẹ̀kùn Yúróòpù. Faransé, Ítálì àti Sípéènì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo físà Schengen, físà kan náà tó ń wọ gbogbo wọn, ọmọ Nàìjíríà tó ń ti London lọ sì gbọ́dọ̀ gbà á, ì báà ti gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún.

Nílé tiwa, Bàbá Ìbejì ti di ọmọ ìlú ọba, èmi kò tíì ṣe é. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló wà nírú ipò yìí, wọ́n á sì máa fi páásípọ̀ọ̀tù tó lágbára ṣètò ìrìn àjò. Ọkọ á ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ìyàwó á wá máa wá ọjọ́ tí yóò lọ fìwé sílẹ̀ kiri. Ẹni tí páásípọ̀ọ̀tù rẹ̀ kò lágbára ni kẹ́ ẹ fi ṣe òdiwọ̀n. Ẹ lè béèrè físà náà láti bí oṣù 6 ṣáájú ìrìn àjò, ó pẹ́ tán kó ku ọjọ́ 15. Tó bá sì jẹ́ ìgbà ooru lẹ ń lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ 15 yẹn. Láti ọdún 2024, 90 yúrò ni àgbàlagbà ń san, yàtọ̀ sí owó tí àwọn tó ń bá wọn gba ìwé tún máa ń gbà. Ìwé adójútòfò ìrìn àjò tó lè san tó 30,000 yúrò fún ìtọ́jú àìsàn jẹ́ dandan.

Orílẹ̀-èdè tí ẹ máa pẹ́ sí jù ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má lọ gba ti ibòmíràn torí pé àyè tètè yọ níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá lọ lo gbogbo ọjọ́ yín ní Ítálì. Tí ọjọ́ bá dọ́gba, ibi tí ẹ kọ́kọ́ máa wọ̀ ni. Ẹ tún wo iye ìgbà tí físà náà gbà yín láyè láti wọlé. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi tó ń ti Tarifa lọ sí Tangier tàn yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bíi wákàtí kan péré ni. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ ilẹ̀ Morocco, ẹ ti jáde kúrò ní Schengen nìyẹn, físà yín sì ti tán.

Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, ẹ wá má fi páásípọ̀ọ̀tù sílé. Mo ṣe é. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, a ti Nice lọ ná ọjà ọjọ́ Ẹtì tó wà létí òkun ní Ventimiglia. Mo ti kó ìwé mi sínú dúrọ́ọ̀ nílé, nítorí gbéwiri. Nígbà tá à ń padà bọ̀, ọkọ̀ dúró ní Menton Garavan, ibùdókọ̀ àkọ́kọ́ nílẹ̀ Faransé, ọlọ́pàá wọlé. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ń yẹ ìwé wò níbẹ̀, nítorí àwọn tó ń wá ọ̀nà àtigba ibẹ̀ wọ Faransé. Bàbá Ìbejì yọ tiẹ̀. Èmi yọ fóònù, mo fi fọ́tò páásípọ̀ọ̀tù hàn wọ́n. Fọ́tò kì í ṣe páásípọ̀ọ̀tù. A sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bi mí ní ìbéèrè, wọ́n tẹ nǹkan lórí ẹ̀rọ, wọ́n sì ní ká máa lọ nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ wa ti lọ, ẹsẹ̀ mi sì ń gbọ̀n. Ọkọ mi kò sọ nǹkan kan títí a fi délé. Ìgbà tó ṣílẹ̀kùn tán ló wá ní, "Ìyá Ìbejì, ó dáa bí gbéwiri ò ṣe rí i jí."

Oṣù Kẹjọ

Ẹ má lọ ní oṣù Kẹjọ, àyàfi tó bá jẹ́ pé ìsinmi iléèwé àwọn ọmọ ló dè yín mọ́lẹ̀. Gbogbo Faransé àti Ítálì náà ló ń sinmi nígbà yẹn. Ọjọ́ 15 oṣù náà jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, Ferragosto ni àwọn ará Ítálì ń pè é. Lẹ́bàá Marseille, níbi tí àpáta funfun ti ya wọnú òkun tí wọ́n ń pè ní Calanques, wọ́n lè ti ọ̀nà pa lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lọ nítorí ewu iná igbó. Ọ̀kan nínú wọn, Sugiton, ẹ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú nígbà ooru.

Oṣù Kẹsàn-án lèmi fẹ́ràn. Oòrùn ti rọ̀, omi sì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nínú oṣù Karùn-ún, oòrùn á máa tàn, ẹ máa sáré wọnú omi, ẹ máa sì sáré jáde. Ẹ má sì sún un jù: ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2011 ni òjò kó ẹrẹ̀ bo Vernazza àti Monterosso ní Cinque Terre.

Bàtà

Etíkun Nice kò ní iyanrìn. Òkúta ni, rìbìtìrìbìtì, tó ń gbóná lọ́sàn-án bí agbada àkàrà. Ẹ ra bàtà rọ́bà tí wọ́n fi ń wọnú omi, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín rẹ́rìn-ín. Tó bá jẹ́ iyanrìn lẹ fẹ́, ẹ wọkọ̀ lọ sí Antibes tàbí Cannes.

Ní Cinque Terre, ọ̀rọ̀ bàtà ti dọ̀rọ̀ òfin: ẹni tó bá wọ sálúbàtà gun ọ̀nà orí òkè lè san owó ìtanràn láti 50 yúrò títí dé 2,500. Èmi kò wọ sálúbàtà. Bàtà gogoro ni mo wọ̀, torí fọ́tò. Abúlé Corniglia wà lórí òkè, ibùdókọ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ létí omi, àtẹ̀gùn 382 ló sì wà láàárín wọn. Bọ́ọ̀sì kékeré kan máa ń gbé èèyàn gòkè, a ò mọ̀. Mo ka àtẹ̀gùn yẹn dé igba, mo bọ́ bàtà, mo jókòó.

Ọ̀nà tí gbogbo tọkọtaya ń wá débẹ̀ ni Via dell'Amore, Ọ̀nà Ìfẹ́, tó gba ara àpáta láti Riomaggiore lọ sí Manarola. Òkúta ya lulẹ̀ níbẹ̀ ní 2012, ó ṣe àwọn àlejò léṣe, wọ́n sì ti ọ̀nà náà pa títí di ọdún 2024. Wọ́n ti ṣí i báyìí, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì tó ní aago lára ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Ẹ gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. A rí ọkùnrin kan tó múra nigínnigín, tó mú òdòdó lọ́wọ́, tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà. Bóyá òrùka wà lápò rẹ̀, n kò bi í.

Ebi aago mẹ́rin

Ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ Faransé àti Ítálì, tó bá ti kọjá aago méjì sí méjì ààbọ̀ ọ̀sán, wọ́n ti paná ìdáná, kò sì ní tàn mọ́ títí di nǹkan bí aago méje alẹ́. Àwọn tó ṣí sílẹ̀ láàárín ìgbà yẹn, tí wọ́n lẹ fọ́tò oúnjẹ mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí ẹnì kan dúró síta tó ń pe èrò bí agbèrò gáréèjì, ẹni tí ebi ti pa bíi tiyín ni wọ́n ń dúró dè. Ní Nice, ẹ wá socca jẹ. Ìyẹ̀fun irú ẹ̀wà kan ni, chickpea, tí wọ́n pò mọ́ omi àti òróró ólífì, tí wọ́n wá yan nínú ààrò. Bàbá Ìbejì tọ́ ọ wò, ó ní mọ́ínmọ́ín tó já sínú iná ni. Ó jẹ mẹ́ta.

Ní Faransé, tẹ́ ẹ bá béèrè carafe d'eau, omi ẹ̀rọ ni wọ́n máa gbé wá, ọ̀fẹ́ ni. Ní Ítálì, owó kékeré tí wọ́n pè ní coperto nínú ìwé owó kì í ṣe jìbìtì, owó ìjókòó ni. Ẹ má bá wọn fà á bí ọkọ mi ṣe fà á. Kọfí níbẹ̀, ìdúró ni kẹ́ ẹ ti mu ún. Tẹ́ ẹ bá jókòó, owó lè gòkè.

Owó tó ń jò

Tíkẹ́ẹ̀tì bébà fún ọkọ̀ ojú irin agbègbè ní Ítálì, ẹ tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ kékeré tó wà ní ibùdókọ̀ kó lù ú ní òǹtẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa san ìtanràn lórí tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ fowó yín rà. Tí ẹ̀rọ ìsanwó bá bi yín bóyá pọ́n-ún ni tàbí yúrò, ẹ mú yúrò. Ìṣirò tí wọ́n bá ṣe fún yín níbẹ̀ máa ń wọ́n. Monaco kò sí nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, dátà fóònù lè di wúrà níbẹ̀, ẹ pa á kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má wa mọ́tò wọ àárín ìlú ní Ítálì tẹ́ ẹ bá rí àmì ZTL, ìyẹn ibi tí kì í ṣe gbogbo mọ́tò ló lè wọ̀: kámẹ́rà ló ń ṣọ́ ibẹ̀, ìwé ìtanràn á sì bá yín nílé nígbà tí ẹ ti gbàgbé.

Báàgì ayédèrú tí wọ́n tẹ́ sórí aṣọ létí òkun ńkọ́? Lábẹ́ òfin Ítálì, ẹni tó rà á náà jẹ̀bi, ìtanràn rẹ̀ sì lè dé 7,000 yúrò. Ọmọ Áfíríkà bíi tiwa ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń tà á. Mo máa ń kí wọn, màá sì kọjá.

Ẹ má lẹ̀ mọ́ra bí ìbejì

A rò pé torí a jẹ́ tọkọtaya, a gbọ́dọ̀ jọ wo ohun gbogbo. Bàbá Ìbejì lè dúró níwájú ẹja fún wákàtí mẹ́ta. Ní Musée océanographique ní Monaco, ilé ńlá tí wọ́n ti ń wo ẹja àti ohun inú òkun, tí wọ́n ṣí ní 1910 lórí àpáta, èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń ka ọmọ iléèwé tó ń kọjá. Tèmi ni ọjà. Ní Cours Saleya ní Nice, òun ló ń wo aago. (Tó bá jẹ́ òdòdó àti èso lẹ fẹ́ rí níbẹ̀, ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé, ohun àtijọ́ ni wọ́n ń tà lọ́jọ́ yẹn.) Báyìí, a máa ń pínyà fún wákàtí méjì lójúmọ́, oníkálukú pẹ̀lú fóònù rẹ̀ àti káàdì báǹkì tirẹ̀. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀: tí gbéwiri La Rambla, òpópónà ńlá Barcelona, bá rí ọ̀kan kó, èkejì ṣì lówó ọkọ̀ lọ́wọ́. Tá a bá tún pàdé, a máa ń ní ọ̀rọ̀ láti bá ara wa sọ.

A sì máa ń fi ọjọ́ kan sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i. Lọ́dún tó kọjá, Villefranche la lò ó sí. Ọkọ mi sùn lábẹ́ agboòrùn, mo ti ẹsẹ̀ bọ omi, mo ń wo ọkọ̀ ojú irin tó ń yọ láti inú ihò òkè. Èyí tó yẹ ká wọ̀ kọjá. N kò jí i. Òmíràn ń bọ̀.